Ọmọ Tí Wọ́n Ní Kó Dúró Bí Igi

Aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ti kọjá. Ní ilé-ìwé aládàáni kan nítòsí Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, wọ́n ti kó gbogbo àga inú gbọ̀ngàn ti ògiri. Àwọn ọmọ kíláàsì kẹta sí ìkarùn-ún ti bọ́ bàtà wọn sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n dúró yí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ká. Kò mú ìwé lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò mú pàṣán.

"Tí mo bá ti ka ení, èjì, ẹ̀ta, ibí yìí di ọjà Bódìjà," ló wí fún wọn. "Ẹ má bi mí léèrè ohun tẹ́ ẹ máa ṣe o. Èmi náà ò mọ̀."

Kò tíì pe ẹ̀ta tán tí ariwo fi sọ. Ọmọdébìnrin kan ti fìdí kalẹ̀, ó ń to ata rodo tí ẹnìkan ò rí sórí pẹpẹ tí kò sí níbẹ̀, ó sì ń wọ́n omi sí i kó má baà rọ. Ọmọkùnrin kan ti di awakọ̀ Micra, ó ń pe Ṣásá, ó ń pe Ọjọ́ọ̀, ó tún ń bá agbèrò jà lórí owó. Alábàárù kan gbé ẹrù tó wúwo débi pé ọrùn rẹ̀ wọ́ sápá kan. Ní kọ̀rọ̀, ọmọ kékeré kan lóṣòó, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń ké "du-du-du-du" láìsinmi. Wọ́n bi í pé kí ni tirẹ̀. "Ẹ̀rọ ìlọta ni mí," ló dáhùn, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Kò pẹ́ tí oníbàárà kan, ọmọ ọdún mẹ́jọ, fi da tòmátò lé e lórí.

Ìyá tó ni ilé-ìwé, tí gbogbo wọn ń pè ní Mọ́mì, yọjú lójú fèrèsé. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ọ́ńkù, ẹ kú iṣẹ́ o," ló wí. "Àmọ́ ìgbà wo gan-an ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ eyí tí wọ́n máa ṣe níjọ́ pátì?"

Inú ìbéèrè yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Ìràwọ̀, òdòdó àti igi

Ẹni tó bá ti lọ sí ayẹyẹ òpin ọdún ilé-ìwé aládàáni rí mọ bó ṣe máa ń lọ. Oṣù Keje ni. Wọ́n á ta kánópì, wọ́n á pe DJ, àwọn òbí á na fóònù sókè bí ẹni ń nàgà mú ọsàn. Ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ náà ni ẹ̀kọ́ ti dẹnu kọlẹ̀ ní kíláàsì, tí gbogbo ilé-ìwé ń ṣe "rìhásà".

Tíṣà á ti wá eré kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí kó kọ ọ́ fúnra rẹ̀ lóru, lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ tí Gẹ̀ẹ́sì dán lẹ́nu rẹ̀, tí òbí rẹ̀ sì lè san owó aṣọ, òun ni ọba. Èyí tó tẹ̀ lé e ni olorì. Àwọn mìíràn á di ìràwọ̀ tàbí òdòdó. Àwọn tó kù, igi.

Ìyá kan tó ń ta aṣọ òkìrìkà ní Ọjọ́ọ̀ rántí ọdún tí ọmọ rẹ̀ ṣe igi. "Mo san owó aṣọ bíi ti ẹni tó ṣe ọba. Mo jókòó, mo fọwọ́ ara mi rán ewé mọ́ ọn. Ọmọ mi dúró, kò mira, bí igi lóòótọ́. Nígbà tá a délé, mo ní kó sọ ìtàn eré náà fún mi. Ó ní òun ò mọ̀ ọ́n, pé àwọn igi ò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ́ àwọn yòókù lọ́rọ̀."

Ní ilé-ìwé mìíràn, ohùn pàápàá kì í ṣe ti àwọn ọmọ mọ́. Wọ́n á ti gba ọ̀rọ̀ eré sílẹ̀ lọ́dọ̀ DJ, ẹnu lásán ni àwọn ọmọ á máa mì lórí ìtàgé. Wọ́n ní ó dára bẹ́ẹ̀ torí pé kò sí ẹni tó máa ṣìnà.

N kò bínú sí pátì o. Òbí tó forí ti owó ilé-ìwé láti Oṣù Kẹsàn-án tọ́ sí ẹ̀rín ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká máa pe àṣehàn ní ẹ̀kọ́. Ọmọ tó ń sọ ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn kọ, pẹ̀lú ohùn tí ẹlòmíràn gbà sílẹ̀, níbi tí tíṣà fi ẹfun sàmì sí pé kó dúró, kò tíì ṣeré.

Tíṣà ni wọ́n tẹ́lẹ̀

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ilé-ìwé ló gbàgbé ohun tó ti inú ilé-ìwé jáde. Hubert Ògúndé, tí wọ́n bí ní Òsósà nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde ní 1916, ṣe tíṣà kó tó di ọlọ́pàá, ó ṣe ọlọ́pàá kó tó di Ògúndé tí gbogbo ayé mọ̀. Eré ńlá àkọ́kọ́ rẹ̀, tó ṣe ní Glover Hall l'Ékòó ní 1944, orí ìtàn ọgbà Édẹ́nì ló dá lé, ìjọ aládùúrà kan ní Ẹ̀búté-Mẹ́ta ló sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Kọ́lá Ògúnmọ́lá, tó gbé ìtàn Ọ̀mùtí tí Amos Tutùọlá kọ wá sórí ìtàgé Yunifásítì Ìbàdàn ní 1963, tíṣà lòun náà. Dúró Ládiípọ̀, tó dá ojúkò iṣẹ́ ọnà Mbárí Mbáyọ̀ sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1962, tó sì gbé eré Ọba Kò So jáde lọ́dún tó tẹ̀ lé e, tíṣà ni.

Kì í ṣe pé ó ṣèèṣì rí bẹ́ẹ̀. Tíṣà ìgbà yẹn ló ń lu dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ lórin, òun náà ló ń ṣètò kọ́ńsáàtì Kérésì. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ eléré wá ń lọ láti ìlú dé ìlú, gbọ̀ngàn ilé-ìwé wà lára ibi tí wọ́n sábà máa ń ṣeré.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyẹn kì í sì í lo ìwé eré tí wọ́n kọ gbogbo ọ̀rọ̀ sí. Karin Barber, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó gbọ́ Yorùbá yéké, bá ẹgbẹ́ Oyin Adéjọbí ti Òṣogbo rìn, ó tiẹ̀ bá wọn ṣeré lórí ìtàgé. Nínú ìwé tó tẹ̀ jáde lórí wọn ní 2000, ó ṣàlàyé bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ. Ọ̀gá á sọ ìtàn, á pín ipò fún kálukú, òṣèré kọ̀ọ̀kan á sì fúnra rẹ̀ wá ọ̀rọ̀ tó bá ipò rẹ̀ mu. Bí wọ́n ṣe ń ti ìlú kan dé òmíràn, tí àwọn òǹwòran ń rẹ́rìn-ín níbi kan tí wọ́n sì dákẹ́ níbòmíràn, bẹ́ẹ̀ ni eré náà ń gbó, tó ń lé sí i.

Ẹ wá fi èyí wé ọjà Bódìjà inú gbọ̀ngàn wa lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn, tó kẹ́kọ̀ọ́ jáde nínú ìmọ̀ tíátà, ní àwọn òbí kan máa ń bi òun pé ìlú òyìnbó wo ni òun ti rí irú ẹ̀kọ́ báyìí. "Mo máa ń sọ fún wọn pé Òṣogbo ni."

Ìjàpá lórí àga ìbéèrè

Kí ni wọ́n tiẹ̀ ń ṣe gan-an nígbà tí òǹwòran kò sí? Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ eré fún wákàtí kan sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ara. Wọ́n á na ọwọ́, wọ́n á na ẹsẹ̀, wọ́n á pariwo títí ilẹ̀kùn á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ já, wọ́n á sì dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn náà ni eré dígí: ọmọ méjì á kọjú síra wọn, ohun tí ọ̀kan bá ṣe ni èkejì á ṣe láìsọ̀rọ̀. Ó jọ ohun kékeré lójú ẹni tó dúró ní fèrèsé. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá fẹ́ ṣe é dáadáa gbọ́dọ̀ wo ojú ẹnìkejì rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, kó má sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àgbàlagbà mélòó ló lè ṣe é?

Ìgbà tí ara bá ti yá ni ìtàn á wọlé. Lọ́jọ́ yẹn, àlọ́ Ìjàpá àti Yánníbo ni, èyí tí Ìjàpá ti lọ bá babaláwo gba àsèjẹ kí ìyàwó rẹ̀ lè lóyún, tí òórùn àsèjẹ náà wá mú un lọ́nà. Gbogbo wa la mọ bó ṣe parí. Ìjàpá jẹ ẹ́, ikùn ẹ̀ yọ.

Ṣùgbọ́n Ọ́ńkù kò jẹ́ kí wọ́n débẹ̀. Ibi tí Ìjàpá ti ṣí ìkòkò wò ló ti pàtẹ́wọ́, gbogbo wọn sì dúró gbagidi. Ó fa àga kan sáàrin, ó ní kí ọmọ tó ń ṣe Ìjàpá jókòó. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ìbéèrè, kó bi Ìjàpá.

"Kí ló dé tó ò gbé e délé?" ọmọ kan bi í.

"Ebi ń pa mí. Láti àárọ̀ ni mo ti jáde."

"Ṣé babaláwo ò sọ fún ẹ pé obìnrin ló ni ín ni?"

"Ó sọ fún mi. Mo rò pé ó kàn ń sọ̀rọ̀ ni."

Ọmọdébìnrin kan tí kò tíì la ẹnu látàárọ̀ wá nawọ́. Ó ní Yánníbo lòun, òun ò sì ní ìbéèrè kankan. Ohun tóun fẹ́ mọ̀ ni ìdí tí ẹnìkan ò fi ní kí òun tẹ̀ lé Ìjàpá lọ sọ́dọ̀ babaláwo, nígbà tó jẹ́ pé òun ni ara ń ni. Gbọ̀ngàn dákẹ́. Ìjàpá wojú tíṣà. Tíṣà ní òun kọ́ ni wọ́n bi.

Bí àlọ́ náà ṣe yí padà nìyẹn. Èyí tí wọ́n ṣe kẹ́yìn lọ́jọ́ náà, àwọn méjèèjì ló jọ lọ, Yánníbo ló sì gbé ìkòkò. Ìjàpá ò tíì jáwọ́ o, gbogbo ọ̀nà ló fi ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun bá a gbé e díẹ̀.

Olùkọ́ kan ní ẹ̀ka ìmọ̀ tíátà ní yunifásítì kan nílẹ̀ Yorùbá ní ibi tí ẹ̀kọ́ wà gan-an nìyẹn. "Ẹ ò lè fi ẹnu kọ́ ọmọ pé kó máa ro tẹlòmíràn. Ẹ gbé e sípò onítọ̀hún, kó wá dáhùn fún un. Tó bá dáhùn tán, yóò pẹ́ kó tó tún dá èèyàn lẹ́jọ́ wàràwàrà."

Àwọn ará òkè òkun náà ti rìn ín jìnnà. Ní Chicago, Viola Spolin mú eré àṣedárayá àwọn ọmọdé, ó sọ ọ́ di ọ̀nà ìkọ́ni ní tíátà, nítorí pé àwọn ọmọ tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọmọ àwọn aṣíkiri láti ilẹ̀ oríṣiríṣi, èdè wọn kò sì jọra. Ìwé tó kọ lé e lórí jáde ní 1963. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Dorothy Heathcote, tó ti wọ ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá, di olùkọ́ ńlá ní Newcastle. Ọ̀nà tirẹ̀ ni pé tíṣà kì í dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan máa pàṣẹ: òun fúnra rẹ̀ á wọ inú eré, á di àjèjì tí kò mọ nǹkan kan, àwọn ọmọ ló sì máa di ọ̀jọ̀gbọ́n tí yóò là á lóye.

Àwa náà ní bojúbojú, a ní eré òṣùpá, a ní àlọ́ àpagbè tí kò sí ẹni tó kàn ń gbọ́ níbẹ̀ torí gbogbo ènìyàn ló ń gbe orin. Ohun tó ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa ni ìwé ọwọ́ tí tíṣà abúlé lè ṣí láàárọ̀, kó sì lò ó ní kíláàsì lọ́sàn-án.

Làkúnlé tí wọ́n há sórí

Ní ilé-ìwé girama, ọ̀rọ̀ náà tiẹ̀ ń pa ni lẹ́rìn-ín. The Lion and the Jewel tí Wọlé Ṣóyínká kọ wà lára ìwé tí àwọn tó ṣe ìdánwò WAEC nínú Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kà láti 2021 dé 2025. Wọ́n ti ṣe eré náà n'Ìbàdàn láti 1959.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, Sídì àti àwọn ọmọbìnrin abúlé dá eré sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mẹ́rin nínú wọn di ẹsẹ̀ mọ́tò, wọ́n fa Làkúnlé, tíṣà abúlé, wọ inú rẹ̀ tipátipá, wọ́n ní kó ṣe àjèjì tó ṣìnà wá sí Ìlújinlẹ̀. Kò fẹ́, ó ní iṣẹ́ ń dúró de òun. Nígbà tó yá, ó gbà, eré náà sì wọ̀ ọ́ lára ju bó ṣe rò lọ.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ eré nìyẹn, ó wà nínú ìwé tí wọ́n fi dán wọn wò! Síbẹ̀, ọmọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní SS3 ní kò sọ́jọ́ kan tí ẹnikẹ́ni nínú kíláàsì àwọn dìde ṣe é. "A mọ kókó ọ̀rọ̀ rẹ̀ mẹ́fà. A mọ ìwà Làkúnlé, a mọ ti Baróka baálẹ̀. Tíṣà ló pè é, a kọ ọ́ sílẹ̀, a há a sórí."

Ẹ má di gbogbo rẹ̀ ru tíṣà. Ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti JSS, abẹ́ iṣẹ́ kan ṣoṣo, Cultural and Creative Arts, ni ìjọba kó orin, ijó, àwòrán àti eré sí. Ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ náà lè jẹ́ ayàwòrán, kó má tíì ṣeré rí láyé rẹ̀. Olùkọ́bìnrin kan ní ilé-ìwé ìjọba ní Agodi ní àwọn ọmọ kíláàsì òun lé ní ọgọ́ta. "Tí mo bá ní kí wọ́n dìde, ibo ni wọ́n máa gbà?"

Mo gbọ́ ìyẹn. Ṣùgbọ́n abẹ́ igi máńgòrò wà nínú ọgbà náà, àlọ́ kò sì béèrè gbọ̀ngàn. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ìjọba gan-an ló nílò rẹ̀ jù, torí kò sí ẹni tó ń bi wọ́n léèrè èrò wọn láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́.

Nígbà tí èdè bá tú

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí Ọ́ńkù dé ilé-ìwé Mọ́kọ́lá yẹn, ó ní àwọn ọmọ ń sọ̀rọ̀ bí ìwé. "Good afternoon, sir", "I am a trader". Wọ́n ti kọ ọ́ sára ògiri pé ẹ má sọ èdè abínibí. Ó lọ bá Mọ́mì, ó bẹ̀ ẹ́ pé kí òfin yẹn má wọ gbọ̀ngàn ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì. Mọ́mì gbà, ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n ti fèrèsé.

Ìgbà tí ọjà dé ni èdè tú. Yorùbá Ìbàdàn gidi ló ń jáde, ti ìyá àgbà, èyí tí ẹnìkan ò mọ̀ pé wọ́n ń gbọ́ sí. Tíṣà kíláàsì kẹrin tó wá wò wọ́n sọ pé ojú ti òun. "Ọmọ tí mo ti kọ ọ́ sí ríṣọ́ọ̀tì rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ kì í tètè yé e, òun ló ń ná ẹja títí tí ẹlẹ́ja fi bẹ̀ ẹ́. Èdè ni kò jẹ́ n mọ ọmọ náà."

Ohun tí Bàbátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Yunifásítì Ifẹ̀ dán wò láti 1970 nìyẹn, nígbà tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàyè tirẹ̀. Àwọn ọmọ náà ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ, wọn ò sì kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. A ṣì ń ti fèrèsé.

"Ọmọ mi ò ní di onítíátà"

Gbólóhùn yìí kò tíì kúrò lẹ́nu àwọn òbí. Nígbà ayé Ògúndé, wọ́n ní ó kéde ní ìwé ìròyìn pé òun ń wá òṣèrébìnrin, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ó yí ìkéde náà padà, ó ní akọ̀wé obìnrin lòun ń wá, ìgbà náà ni wọ́n tó wá. Lóde òní, òbí kan náà tó ń wo fíìmù Yorùbá títí di òru ni yóò sọ pé eré ò lè bọ́ ọmọ òun.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn tún wà níbẹ̀. Lẹ́yìn àlọ́ Ìjàpá, lẹ́tà méjì dé ọ́fíìsì, ọ̀kan láti ọwọ́ òbí onígbàgbọ́, ọ̀kan láti ọwọ́ mùsùlùmí. Kí ni babaláwo ń wá nílé-ìwé? Mọ́mì ní kí wọ́n sọ ọ́ di dókítà. Ìjàpá wá ń gba abẹ́rẹ́ lọ́dọ̀ dókítà, àlọ́ náà ò sì lórí, kò nídìí mọ́. Ìyẹn náà kì í ṣe tuntun. Ní 1961, ìlù dùndún tí Ládiípọ̀ fi sí orin Àjíǹde tó kọ fún ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ní Òṣogbo dá ìjà sílẹ̀, ó sì di dandan kó wá ibòmíràn gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ló ń lu dùndún lónìí.

Ẹ̀rù kan wà tó yẹ kí òbí ní, òun sì ni wọn kì í ní. Àwọn kan ń lọ káàkiri, wọ́n ń pe tiwọn náà ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ eré, wọ́n ń gba owó fọ́ọ̀mù, wọ́n ń ṣèlérí pé ọmọ yóò dé inú fíìmù kí ọdún tó parí. Ẹni tó bá ṣèlérí òkìkí fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, owó yín ló ń wá. Ẹni tó bá sì ní kí òbí má yọjú síbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ rẹ̀, ẹ mú ọmọ yín kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Àwọn tó mọṣẹ́ yìí kò wọ́n. Ọdọọdún ni Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti àwọn yunifásítì mìíràn ń kọ́ wọn jáde, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń wá ibi tí wọ́n máa ṣiṣẹ́ sí. Owó tí ilé-ìwé ń fún DJ ní ọjọ́ kan lè san owó irú ẹni bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì mélòó kan.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, nígbà tí ìwé ìpè pátì bá dé ní Oṣù Keje, ẹ bi tíṣà pé ta ló ro eré náà, kí ni ọmọ yín sì mú wá síbẹ̀, kí ẹ tó san owó aṣọ. Ẹ̀yin onílé-ìwé, ẹ ya wákàtí kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún un, ẹ gba ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, kí ẹ sì máa san owó rẹ̀ lásìkò.